Bí Ọma Ajue Ṣe Wọ Ìwé Ìmọ̀ Ńlá

Ẹ̀yin ará Odigbo, ẹ̀yin ará Ore, ẹ̀yin tí ẹ wà lóko lọ́nà Omifunfun àti Araromi-Obu: nígbà tí mo dé láti ìrìn-àjò mi, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi mí lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé òjò kì í dá níbẹ̀? Ẹ ní kí ni mo jẹ tí mo fi rù bẹ́ẹ̀? Ẹ tún ní kí ni àwọn òyìnbó rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe tíṣà abúlé? Mo dáhùn méjì, mo fi ìkẹta pamọ́, nítorí ìgbà náà kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ń sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Ní báyìí tí àwọn ológun ti padà sí bárékè, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ tán. Ẹni tí Ọlọ́run mú lọ tó sì mú bọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ lábọ̀.

Ìwé tó pè mí

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Kẹrosíìnì di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀. Owó-oṣù tíṣà a máa pẹ́ lọ́nà bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Bébà wọ́n débi pé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá ni mo ń kọ ìtàn ìjọ wa sí. Mo kọ ti àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní Odigbo, ti àwọn obìnrin tó ru yanrìn tí a fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ti àwọn àtìpó tó ti ọ̀nà jíjìn wá dáko kòkó tí wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ nínú igbó. Fíkà wa rí i, ó kó kàlẹ́ńdà mẹ́rin lọ, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn Kristẹni kan ní ilẹ̀ Wélìsì tí wọ́n ń ṣe ìwé ìmọ̀ ńlá.

Ìwé ìmọ̀ ńlá ni ìwé tí a to orúkọ ènìyàn àti ti nǹkan sí ní A-B-D, kí ẹni tí kò mọ̀ lè ṣí i kí ó mọ̀. Èyí tí mo ń wí yìí dá lórí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ti kọ ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tán, wọ́n ti kọ ti àwọn ajíhìnrere. Ó wá ku irú àwọn kan tí ìwé àtijọ́ kò mọ̀: àwọn tí òkìkí wọn ti inú kọ̀ǹpútà jáde, lórí ohun tuntun tí wọ́n ń pè ní íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn ojú-ìwé tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Ta ló yẹ kí ó wọ ìwé nínú wọn, ta ni kò yẹ? Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan láti ìgbèríko wà lára àwọn tí yóò dájọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ̀wé sẹ́yìn kàlẹ́ńdà máa bọ̀.

Ìyàwó mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ ṣe adájọ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Nídìí àgùntàn ni Ọlọ́run ti pe Ámósì."

Ó ní, "Ẹ kò ní àgùntàn."

Mo ní, "Mo ní adìyẹ."

Ní gáréèjì Ore, dírẹ́bà tí mo bá wọ ọkọ̀ wo kóòtù tí mo gbé sápá, ó ní, "Tíṣà, ṣé Èkó lẹ ń lọ?" Mo ní mo ń kọjá Èkó díẹ̀.

Ìlú àgùntàn

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé ìlú kékeré kan létí òkun. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àgùntàn. Wọ́n wà lórí òkè, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sí okùn lọ́rùn wọn, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó ń jí wọn. Mo rántí Ámósì, mo rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Ní ti òjò, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú òjò tiwa tó máa ń wá bí ẹni tó ń bínú tí yóò sì lọ. Tiwọn kàn ń wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, aṣọ ayé kò gbẹ.

Obìnrin tó gbà mí sílé ń jẹ́ Nẹ́sítà. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ tí mo wá bá jókòó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Nẹ́sítà ni mí."

Mo tẹrí ba. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá."

"Rárá. Nẹ́sítà."

"Màmá Nẹ́sítà."

Ó ní òun kò bímọ rí. Mo ní ìyẹn kò kan orúkọ náà. Ẹni tó bá ti tó bí mi, màmá mi ni. Ó ní, "Ó dára. Máa pè mí bẹ́ẹ̀." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bí mo bá pe orúkọ náà láìfi màmá síwájú rẹ̀, kì í dá mi lóhùn.

Ìwà wọn yà mí lẹ́nu. Wọn a wọ bọ́ọ̀sì láìkí ẹnikẹ́ni, wọn a jókòó, wọn a máa wo òjò. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, yálà àgbà tàbí èwe, yóò yíjú sí dírẹ́bà, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ore, ìjà ṣéńjì la fi ń kí dírẹ́bà pé ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ṣe méjèèjì: mo ń kí gbogbo bọ́ọ̀sì bí mo bá wọlé, mo ń dúpẹ́ bí mo bá ń jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn arúgbó kan ti ń dúró de ìkíni mi.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ewé kan tí wọ́n ń já lára òkúta inú òkun, tí wọ́n ń sè títí yóò fi dúdú tí yóò sì yọ̀ bí ẹ̀fọ́ tó ti jinná jù. Màmá Nẹ́sítà fi sí iwájú mi pẹ̀lú búrẹ́dì, ó ń wò mí bóyá n ó sá. Mo bu ata gígún tí ìyàwó mi dì fún mi sí i, mo jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun fẹ́ tọ́ ata náà wò. Mo ní kí ó fi orí abẹ́rẹ́ bù ú. Ó fi ṣíbí bù ú. Ẹ̀yin ará, obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń mi orí pé ó dùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi ó mú mi lọ sí ilé ìsìn wọn. Kò ju ogún ènìyàn lọ, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé orin, ohùn mẹ́rin ló jáde láti ẹnu ogún ènìyàn, àjà ilé sì ń dáhùn. Mo mọ ohùn orin náà. Òun la fi ń sin òkú ní Odigbo. Mo la ẹnu mi, mo bá wọn kọ ọ́ ní Yorùbá, kò sì sí ẹni tó wo ẹ̀yìn.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ilé tí mo wọ̀ sí. Màmá Nẹ́sítà wá láti àríwá Wélìsì. Obìnrin ilé kejì wá láti gúúsù. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wàrà kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀kan ń pè é ní ohun tó dún létí mi bíi "lẹfírítì," èkejì ń pè é ní "láìtì." Àràárọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lójú fèrèsé.

"Mo ní lẹfírítì nínú fírííjì mi bí o bá fẹ́."

"N kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láìtì ni màlúù ń fún mi."

Wọn a sì rẹ́rìn-ín títí.

Igba ojú

Mẹ́rin ni wá nínú yàrá ìpàdé. Màmá Nẹ́sítà wà lórí àga alága. Kòfí, ọmọ Gánà, ló ń darí kọ̀ǹpútà. Ìkẹta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàbí, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ti fi ogún ọdún ó lé kọ́ àwọn òyìnbó ní Yorùbá. Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ bí àwo tuntun. Èmi ni ìkẹrin.

Màmá Nẹ́sítà ka òfin fún wa. Ó ní, "Kì í ṣe ẹni tó pariwo jù ni a ń wá. Ẹni tí ẹlòmíràn jẹ́rìí sí ni. Ẹlẹ́rìí méjì, tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, tí kò sì jẹ nínú àwo rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé tí a lè rí kà." Mo ní àmín. Òfin Mósè kò yàtọ̀ sí èyí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbé yẹ̀ wò ni oníwàásù kan tó wọ kóòtù funfun nínú àwòrán. Ojú-ìwé rẹ̀ ń dán, iná kékeré ń tàn yí orúkọ rẹ̀ ká. Nísàlẹ̀ ni nọ́ńbà kan wà tó gùn bí ìrù ọ̀bọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iye àwọn tó ti wá wo ojú-ìwé náà nìyẹn, ó sì ní ó dà bíi pé kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kòfí tẹ bọ́tìnnì kan. Nọ́ńbà náà fi ẹyọ kan lé. Ó tún un tẹ̀, ó tún lé.

"Tíṣà, ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Kòfí ní, "Ẹ ti sọ ọ́ di olókìkí ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ."

Mo bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé, "Kí ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Gbajúmọ̀."

"Báwo ni àwọn àgbà ṣe ń tú u?"

Ó ní, "Igba ojú ló mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Igba ojú. Ojú kan tó bá wo nǹkan nígbà igba, ojú kan ṣì ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn yòókù, ó ní, "Tíṣà Ore ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa oníwàásù o!" A wá ẹlẹ́rìí fún ọkùnrin náà, gbogbo ohun tí a rí nípa rẹ̀ ló ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wá. Kò wọlé. N kò purọ́ fún yín, mo gbéra ga lọ́jọ́ náà. Mo kí bọ́ọ̀sì bí ọba.

Pẹ́ńsùlù pupa

Lọ́jọ́ kejì Kòfí ṣí ojú-ìwé mìíràn. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí iná, ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun ni. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń túmọ̀ Bíbélì kíkà ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan sí èdè ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sọ ìròyìn ilé: ọ̀nà Araromi-Obu ti gé, ilé ìwòsàn kan kò ní oògùn, kòkó Omifunfun so dáadáa lọ́dún yìí. Kò kọ orúkọ rẹ̀. "Ọma Ajue" ló kọ sókè, ìyẹn nìkan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàbí yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ wo àṣìkọ! 'Ọma' dípò 'ọmọ.' 'Oghó' dípò 'owó.' 'Ugbó' dípò 'igbó.' Àní 'ọwọ́ Olúwa,' ó kọ ọ́ ní 'ọghọ́'! Ẹni tí kò tíì mọ Yorùbá í kọ, òun ló ń túmọ̀ Bíbélì? Kòfí, jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọjá síwájú."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí. Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ara mi ni mo gbọ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ọmọbìnrin kan tó wá láti ìlú Ajue nítòsí wa wà ní kíláàsì mi ní Odigbo. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, "ọma" ni yóò kọ, "ugbó" ni yóò kọ. Èmi ọmọ Ìkálẹ̀, tí ìyá tó bí mi kò fi ohun mìíràn pè mí ju ọma rẹ̀ lọ títí ó fi kú, èmi ni mo ń fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Èdè ilé wà fún ilé, ti ìwé wà fún ìwé, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, máàkì rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Ní ìparí gbogbo àròkọ, ọmọ náà a máa kọ ọ́ pé, "Ó tán, kò ì tán." Mo ń pa ìyẹn náà rẹ́. Mo ní àròkọ tó bá tán ti tán.

Mo ní, "Kòfí, jọ̀ọ́, fà á lọ sísàlẹ̀ kí n rí ìparí rẹ̀."

Ó fà á lọ sísàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀: Ó tán, kò ì tán.

Mo ti gbọ́ pé ó di nọ́ọ̀sì lókè òkun. N kò mọ̀ pé ó ń kọ nǹkan. Ọkàn kan sọ fún mi pé kí n dákẹ́, kí n dìbò fún un, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n òfin ti sọ pé kí ẹlẹ́rìí má ṣe jẹ́ ará ilé, mo sì ti ṣe àmín sí i. Adájọ́ ńkọ́? Mo gbàdúrà ní ọkàn mi, kò gùn, mo sì dìde.

Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Àṣìkọ kọ́ ni. Èdè Ìkálẹ̀ ni, bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá wa gan-an ni. Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ ọ́ ní ìwé. Ní kíláàsì, èmi náà pè é ní àṣìkọ, mo sì ń jẹ ẹ́ níyà nítorí rẹ̀. Nítorí náà n kò lè dìbò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Tíṣà, ẹ ti jẹ́wọ́ pé ọmọ yín ni. Kí ni yóò ṣe tí ẹ kò fi ní sọ pé ó dára?"

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba nílé, ìgbà náà sì ni ìgbà tí ẹni tó bá kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn kò ní oògùn lè gba àlejò tí kò pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. Ọmọ Nàìjíríà ni òun náà, kò bi mí mọ́.

Màmá Nẹ́sítà ní, "Nígbà tí mo lọ ṣe tíṣà ní gúúsù, wọ́n sọ fún mi pé orúkọ tí ìyá mi ń pe wàrà kì í ṣe èdè tó dára." Ó pa ìwé òfin dé. "Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ẹlẹ́rìí méjì. Bí wọ́n bá dé kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọn kò bá dé, a ó kọjá síwájú. Tíṣà, o kò ní bá wa wá wọn, o kò sì ní bá wa dìbò."

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Níbo ni ẹlẹ́rìí yóò ti wá? Ìwé ìròyìn wo nílé ni ì bá kọ nípa rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa lọ́tùn-ún lósì? Mo ń rìn létí òkun láàárín òjò. Mo gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ kan. Màmá Nẹ́sítà rí i pé n kò jẹun, ó gbé ìgò ata mi sí iwájú mi bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn.

Mo gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sí nílé láti ọjọ́rú. Ó ní ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì kan. Mo mọ ohun tó lọ wá. Ó lọ wá ìwé tí yóò fi pa mí lẹ́nu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kòfí ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi fáàsì ránṣẹ́. Ìwé ìròyìn kékeré ti ilé ìwòsàn kan ní Kánádà ni. Àlùfáà tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò níbẹ̀, òyìnbó pátápátá, kọ ọ́ pé òun bá arúgbó ọkùnrin Nàìjíríà kan lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án; ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé Ọma Ajue jáde, ó kà á sí i létí, baba náà sì dìde jókòó, ó ń bá ìwé jiyàn lórí ibi tí ọ̀nà Araromi-Obu ti gé.

Ẹlẹ́rìí kan nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàbí wọlé gbẹ̀yìn. Kóòtù rẹ̀ rin gbingbin. Ó gbé ìwé àwọn onímọ̀ èdè kan lé orí tábìlì, ó ṣí i sí ibi tó ti fi bébà sí.

Ó ní, "Obìnrin Jámánì kan ló kọ èyí. Ó kọ nípa bí èdè gúúsù-ìlà-oòrùn ṣe tọ́jú ohùn kan tí àwa ará Ọ̀yọ́ ti sọ nù. Ó ní níbi tí a ti ń sọ 'owó' lónìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn baba wa ti máa sọ ohun tó jọ 'oghó.' Inú ojú-ìwé Ọma Ajue ló ti kó ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì dárúkọ ojú-ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin." Ó jókòó. "Ẹ̀dà ìwé yìí kan ti wà lórí pẹpẹ mi nílé láti ọdún tó kọjá. N kò ṣí i. Tíṣà, òkúta ni mo lọ wá, kí n sọ ọ́ lù yín. Búrẹ́dì ni mo gbé bọ̀."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ tutù."

Wọ́n ní kí n jáde kí wọ́n lè dìbò. Mo wọ kíṣìnì, mo gbé omi tíì kaná, n kò mọ̀ pé n kò da omi sínú kẹ́tùlù. Nígbà tí wọ́n pè mí, òórùn jíjó ti kún ilé.

Màmá Nẹ́sítà ní, "Ènìyàn kò lè wọ ìwé wa láìlórúkọ, nítorí náà ẹni tó ń kọ ọ́ kò wọlé. Ojú-ìwé náà wọlé. Abẹ́ orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni yóò wà. Kí ló ń jó?"

Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Mo ní èéfín ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí

Èmi kò lè kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, nítorí mo jẹ́ ará ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n yàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ó wá bá mi nídìí tíì pẹ̀lú bébà méjì.

"Tíṣà, ẹ bá mi yẹ sípẹ́lì wò. Gbogbo ayé ni yóò kà á. N kò fẹ́ kí ará Ajue fi mí ṣẹ̀sín."

Mo kà á. Ó kọ ọ́ dáadáa: ibi tí èdè náà ti wá, irú àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ ọ́, bí ojú-ìwé náà ṣe ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó kọ "oghó," ó kọ "ugbó," kò ṣì wọ́n. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, níbi tí orúkọ wà, ọwọ́ rẹ̀ ti yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Ọmọ Ajue" ló kọ.

Mo fi ìka hàn án. Ó wò ó, ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ ará Ọ̀yọ́! Níbo ni pẹ́ńsùlù pupa yín wà?"

Mo ní n kò gbé e wá. Ó fi ọwọ́ sí àpò, ó yọ tirẹ̀ fún mi. Mo fa ìlà sábẹ́ "ọmọ," mo sì kọ "ọma" sókè rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi pupa dá ọ̀rọ̀ ìyá mi padà sí ààyè rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Máàkì mélòó ni mo gbà?"

Mo ní, "Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, sà."

"Ìkà ni yín, Tíṣà."

Ajue

Mo délé, mo fún ìyàwó mi ní ṣáwúlù tí Màmá Nẹ́sítà hun fún un, mo jẹ iyán méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ ìsinmi kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Ajue. Mo mú ẹ̀dà ìwé náà dání. Lẹ́yìn ìsìn, fíkà fún mi láàyè, mo sì sọ fún ìjọ pé orúkọ ìlú wọn ti wọ ìwé ńlá kan tí gbogbo ayé yóò máa ṣí. Mo sọ ohun tí ojú-ìwé náà jẹ́ fún wọn. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tiwa tó wà nínú rẹ̀ bí a ṣe ń pè wọ́n, wọ́n sì ń pariwo bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ẹni tó ń kọ ojú-ìwé náà wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta lápá àwọn obìnrin. Mo mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. N kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti fún mi láṣẹ báyìí láti sọ pé òun ni ìyá rẹ̀. Ní ti ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ní orúkọ tí òun fún ara òun tó, kí n má ṣe fi òmíràn kún un.

Télọ̀ kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Tíṣà, ta wá ni Ọma Ajue yìí gan-an? Ta ló bí i?"

Ilé ìsìn dákẹ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà nígbà náà, tí olúkúlùkù ń ro ẹni tó lè máa tẹ́tí. Ìyá náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Baba kan tó ti darúgbó, tí gbogbo Ajue ń pè ní Baba Elépo nítorí ebu rẹ̀ tí wọ́n ti ń fún epo, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Kì í ṣe Ajue ni wọ́n bí èmi sí? Ìyá mi kò bí mi sí Ore. Ọma Ajue ni mí." Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ojú ewé mélòó ni mo wà?"

Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan ní òun náà fẹ́ mọ ojú ewé tòun. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má kọ ọjọ́ orí òun síbẹ̀ o. Télọ̀ náà ní ó dára, ó dára, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà wọlé, kí n kọ ọ́ pé òun ń rán kóòtù. Mo ní ìwé ti kún. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, fíkà ń rọ̀ wọ́n pé ilé Ọlọ́run ni.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá náà ló sọ̀rọ̀. Kò dìde. Ohùn rẹ̀ kò sókè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ náà kà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo gbé bébà sókè. Mo kà á: "Ọma Ajue."

Ó ní, "Ẹ tún un kà."